Okùn Pupa Lẹ́nu Àpò Kòkó

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé imú rẹ̀ ni odidi ìlú kan fi ń jẹun. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ru àpò kọjá níwájú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin.

Jókòó, Akínṣuyì. Jókòó sétí kànga níbí, kí o sì gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára efinrin yẹn, a ó padà dé orí rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ fún ìyàwó rẹ láàárọ̀ yìí nítorí ẹ̀wà tó jóná. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ ni mò ń sùn, ògiri rẹ ò sì nípọn. O ní ọdún méjì ti pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni láti máa fi kòrónà ṣe àwáwí. O ní imú ènìyàn kì í lọ kó má padà. O ní ó ń díbọ́n ni, pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Mi ò dá sí i nígbà náà, torí pé àlejò ni mí, oúnjẹ rẹ ni mo sì ń dúró dè. Mo ti jẹ ẹ̀wà náà báyìí, pẹ̀lú jíjó tó jó. Mo lè sọ̀rọ̀.

Ìlú tí mò ń sọ yìí, kòkó ni wọ́n ń gbìn. Ọkùnrin náà ti dàgbà. Ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló máa ń jókòó sí, lórí àpótí kékeré kan. Baba Onímú ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá gbé àpò kòkó dé, á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìgúnpá, torí pé òkè àpò kọ́ ni àgbẹ̀ ń fi àbùkù pamọ́ sí. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó, á mí sí i kó lè gbóná díẹ̀, lẹ́yìn náà á gbé e sí imú. Bí ó bá dára, á fi okùn pupa so ẹnu àpò náà. Bí kò bá dára, á sọ ohun tó ṣe é. "Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ fi bo eléyìí mọ́lẹ̀, kò tíì jinná." "Orí títì ọlọ́dà lẹ sá eléyìí sí. Ẹ lọ tà á fún àwọn tó ń ṣe títì." "Eléyìí gbé èéfín."

Èéfín ló burú jù. Lọ́dún tí òjò bá pọ̀ tí oòrùn ò yọ, àwọn mìíràn á gbé kòkó lé orí iná kó lè yá gbẹ. Òórùn èéfín yẹn kì í jáde mọ́. Kì í sì í dúró sínú àpò kan. Àpò tó bá gbé èéfín á kó o ran gbogbo àpò tí wọ́n bá tò tì í. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ra kòkó ní èbúté fi fẹ́ràn okùn pupa. Àpò tí Baba Onímú bá ti so, wọn kì í tú u wò. Ọkọ̀ ìlú mìíràn á dúró fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó dá a lóhùn. Tiwọn á já ẹrù lọ́jọ́ tó bá dé.

Baba Onímú kì í wojú ẹnikẹ́ni. Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, alága ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ gbé àpò wá. Baba Onímú gbé ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ sí imú, ó ní, "Alága, ṣé kòkó lẹ kó sínú àpò yìí, àbí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n yan?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín. Ó kó àpò rẹ̀ lọ sílé. Láti ìgbà náà, lọ́dún tí òjò bá ti pọ̀, alága kì í gbé kòkó wá sí sítọ́ọ̀ mọ́. Àwọn tó ń rà á lẹ́bàá ọ̀nà ló ń gbé e fún, àwọn tí kì í bi kòkó léèrè ibi tó sùn. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Kòrónà wá dé. Ó dá Baba Onímú dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ tọ́jú rẹ̀, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Ara rẹ̀ dìde. Imú rẹ̀ kò bá a dìde.

Ó padà sórí àpótí rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó gbé kòkó sí imú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé omi sí imú. Ó rò pé ọ̀fìnkìn ni. Ó dúró fún oṣù kan, ó dúró fún oṣù mẹ́ta. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé, "Baba, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Àwọn tó ń ṣe báyìí pọ̀ káàkiri ayé. Ti àwọn kan á padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ti àwọn kan á ju ọdún kan lọ. Àwọn kan wà tí a ò tíì mọ̀ bóyá tiwọn á padà." Nọ́ọ̀sì náà ní kó máa gbé èèpo ọsàn, ata ilẹ̀, kànáfùrù àti ewé efinrin sí imú, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó máa rántí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń ta sánsán tẹ́lẹ̀, pé ó ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó ṣe é. Ó tò wọ́n sínú àwo mẹ́rin. Àwọn tó ń kọjá á ní, "Baba tún ti ń kí àwọn ewé."

O mọ ohun tó ń ṣe ẹni tí imú rẹ̀ lọ? O ò mọ̀. O ò bi ìyàwó rẹ rí. Ọkùnrin yìí ní tí òun bá ń jẹun, bí ẹni ń jẹ aṣọ ni. Ó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ torí pé kò mọ̀ bóyá òun ń rùn, á tún máa bi ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló ń sọ fún odidi ìlú ohun tó ń rùn lára ẹrù wọn. Ó jẹ ọbẹ̀ tó ti kan, inú run ún fún ọjọ́ méjì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ. Wọ́n gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀. Ó tẹ imú bọ inú irun orí ọmọ tuntun náà, ó dúró díẹ̀, ó gbé e padà fún ìyá rẹ̀ kíákíá, ó sì lọ sẹ́yìn ilé. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tó pé ọdún kan, tí àsìkò kòkó tún kù sí dẹ̀dẹ̀, ó pe ẹgbẹ́ jọ. Kò fi pamọ́ fún wọn. Ó ní, "Imú mi ti lọ. Mi ò lè so okùn fún ohun tí mi ò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìyàwó mi ti jókòó tì mí fún ogún ọdún, ohun tí mo mọ̀ ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa bá yín gbóòórùn rẹ̀."

Alága dìde. Ó ní, "Baba, ẹ̀ ń ríran, ẹ̀ ń gbọ́ràn, ẹ̀ ń rìn, ẹ sì jẹ iyán lójú mi lánàá. Àìsàn wo ló kù síbẹ̀? Ó rẹ̀ yín ni, ẹ kàn sọ pé ó rẹ̀ yín." Ó wá yíjú sí àwọn tó kù. "Àti pé obìnrin ni yóò wá máa ki ọwọ́ bọ àpò gbogbo wa báyìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ parí.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn kan gbé òkú eku sábẹ́ àpótí rẹ̀ láti dán an wò. Ó jókòó lé e láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Eṣinṣin bò ó lẹ́sẹ̀, ó ń fi fìlà lé wọn, kò mọ ohun tí wọ́n ń wá. O rò pé wọ́n á gbà á gbọ́ nígbà yẹn? Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i bí ọkàn rẹ̀ ṣe le? Ó ń pa á mọ́ra ni." Tó bá dìde pẹ́rẹ́n, òpùrọ́ ni. Kò dìde, òpùrọ́ náà ni. Akínṣuyì, inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí. Ìdánwò wo nìyẹn, tó jẹ́ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè yege níbẹ̀?

Wọ́n wá gbé e sí i lọ́rùn pé bí kò bá so okùn, èbúté ò ní gba kòkó ìlú, òun ló sì fẹ́ kí ebi pa ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ń wá sílé rẹ̀ lójoojúmọ́ láti sọ ọ́. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó padà sórí àpótí. Á ki ọwọ́ bọ àpò, á gbé kòkó sí imú tí kò gbọ́ nǹkan kan, lẹ́yìn náà á bojú wo ẹni tó ni ín. "Ṣé oòrùn lẹ fi sá a?" Oníkálukú á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Baba." Á so ó. Ó di pé ẹnu àwọn àgbẹ̀ ló fi ń gbọ́ òórùn kòkó wọn.

Lọ́dún yẹn, òjò ò dá. Títí di ìgbà tó yẹ kí ọyẹ́ ti dé, ọ̀run ṣú. Àwọn tó mọ̀ pé kòkó wọn ò dára dúró sílé. Ǹjẹ́ o mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹrù dé sítọ́ọ̀?

Alága. Ogún àpò.

Orí mi ni mo fi rù ú, nítorí náà má sọ fún mi pé mi ò mọ̀. Bí mo ṣe gbé àpò kìíní lé orí ni èéfín bò mí nímú. Ẹ̀wù mi gbé e fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé e kọjá níwájú Baba Onímú. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbé e sí imú, ó ní, "Alága, ṣé oòrùn lẹ fi sá a?" Alága ní, "Àbí kí ni mo tún lè fi sá a, Baba?" Ó so ó. Gbogbo ogún ni ó so. Èmi náà dákẹ́. Alága ló fún mi ní yàrá tí mò ń sùn nígbà náà. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ. Mo dákẹ́.

Wọ́n to kòkó àwọn tó kù tì í. Ọkọ̀ gbéra. Lọ́jọ́ kẹjọ ni ó padà dé, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó kó lọ. Wọ́n ti gé okùn pupa lẹ́nu àpò kọ̀ọ̀kan, àwọn okùn náà wà nínú ike kan níwájú awakọ̀. Awakọ̀ ní òórùn èéfín ló mú kí wọ́n tú ẹrù náà wò ní èbúté, ẹni tó tú àpò kìíní sì wúkọ́ ni. Ó ní wọ́n sọ pé àwọn ò fẹ́ rí okùn pupa mọ́.

Ẹgbẹ́ pé jọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. O mọ ohun tí alága sọ? Ó dìde níwájú gbogbo ènìyàn, ó nawọ́ sí Baba Onímú. Ó ní, "Ọkùnrin yìí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó gbọ́ òórùn èéfín, ó sì so ó, kí ó lè fi yé wa pé a ò lè ṣe é láìsí òun."

Baba Onímú ní, "Mo sọ fún yín pé mi ò gbóòórùn mọ́."

Alága ní, "Irọ́ lo pa nígbà yẹn, irọ́ náà lo tún ń pa."

Àwọn ènìyàn sì ń mi orí. Àwọn tó gbé eku sábẹ́ àpótí rẹ̀ ń mi orí. Nígbà tó ní òun ò gbóòórùn, wọ́n ní ó ń gbọ́. Nígbà tí àìgbọ́ rẹ̀ ba ẹrù wọn jẹ́, wọ́n tún ní ó gbọ́. Ọkùnrin náà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló dìde. Obìnrin kúkurú kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Láti ọdún tí ọkọ mi ti dá ẹrù yín padà, ìgbà mélòó ni ẹ ti gbé kòkó ìgbà òjò wá sí sítọ́ọ̀ yìí?"

Alága ń tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Ó ní, "Ẹ ò gbé e wá rí. Ẹ̀bá ọ̀nà lẹ ń gbé e lọ, gbogbo wa la mọ̀. Lọ́dún yìí tí imú ọkọ mi ti lọ, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ogún àpò. Ta ló sọ fún yín pé ọ̀nà ti là?"



Ó ní, "Ẹ ti gba ọkọ mi gbọ́, Alága. Nínú gbogbo ìlú yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ gbà á gbọ́ dáadáa. Ìdí sì nìyẹn tí ẹ ò fi fẹ́ kí èmi jókòó síbẹ̀. Imú tèmi ṣì ń gbọ́."

Ó bá jókòó. Mo ti rìn púpọ̀, mi ò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ba ènìyàn báyìí.

Má rò pé ó parí dáadáa. Alága ò sọ pé òun jẹ̀bi, wọn ò sì lé e. Ọkùnrin kan bọ́ sẹ́yìn Baba Onímú lọ́nà ilé, ó kí i, ó tún padà. Ìyẹn nìkan ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lọ bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó wá máa gbóòórùn kòkó. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ òun, lójú gbogbo ẹgbẹ́, níbi tí wọ́n ti pè é ní òpùrọ́. Wọ́n ní àwọn á ronú sí i. Mo kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó ronú tán. Títí mo fi kúrò, imú ọkùnrin náà ò padà, àwo mẹ́rin yẹn ṣì wà lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀.

Ó yá, Akínṣuyì, wo efinrin yìí.

Ó ti ga dé ìbàdí mi. Nígbà tí mo gba ilé yìí kọjá kí kòrónà tó dé, kò ju ìka mi lọ, ewé mẹ́ta péré ló wà lórí rẹ̀. Mo bi ọ́ pé ewúrẹ́ ta ló ń jẹ ẹ́. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Baba, èmi ni ewúrẹ́ náà." O ní o ti búra fún ìyàwó rẹ pé o ò ní mu ògógóró mọ́. O ní tí o bá ti mu ún, wàá dúró létí kànga yìí, wàá fọ ẹnu, wàá sì jẹ ewé efinrin títí ahọ́n rẹ á fi kú, torí pé imú ìyàwó rẹ kì í tàsé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti lò nílé rẹ báyìí. Ìgbà mẹ́rin ni o ti mu ògógóró kí o tó wọlé. Èmi tí mo dàgbà yìí gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. O kọjá lára kànga bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, o wọlé tààrà, o jókòó ti ìyàwó rẹ, o ń bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú, ó ń bu oúnjẹ fún ọ, ó sì ń bi ọ́ pé báwo ni iṣẹ́ ṣe lọ. Kò sí ewé tó já lórí efinrin yìí. Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀nà ti là?

O gbà á gbọ́. O ti gbà á gbọ́ láti ọdún méjì. Nígbà tí àìsàn yẹn bá fún ọ láyè láti mutí, òótọ́ ni. Nígbà tó bá ní kí o dìde lọ wo ìkòkò, ó di pé ó ń díbọ́n, o sì ń lọgun mọ́ ọn tí àlejò ń gbọ́. Mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà ayé mi, nítorí yàrá tí mò ń sùn. Tí o bá fẹ́ lé mi kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀ rẹ, àpò mi ò wúwo.

Nítorí náà, mú ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé irọ́ ló ń pa, omi nìyí, ewé nìyí, fọ ẹnu rẹ kí o tó wọlé lónìí bí o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ, lọ sọ fún un pé o mọ̀, kí o sì sọ bí o ṣe mọ̀. Ó ti gbé ẹ̀wà mìíràn kaná, mo gbọ́ nígbà tó ń da omi sí i, òun nìkan ló wà nídìí rẹ̀, kò sì ní mọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ìwọ á mọ̀. Dìde.